Láti Ìwò Ojú dé Ìwọ̀n Igun: Ìtàn Bí A Ṣe Kọ́ Láti Wọn Ìrìn Oríkèé Ìka Ọwọ́ Tó Kákò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn bí àwọn oníṣègùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bí oríkèé ìka ọwọ́ ṣe ń ká àti bí ó ṣe ń nà lára àwọn tí ìka wọn ti kákò. A bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ní Yúróòpù, a gba inú Ogun Àgbáyé Kìíní kọjá, a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀tẹ̀ ká lọ́wọ́ kò ní Vellore ní ilẹ̀ Íńdíà, kí a tó padà sí kíláàsì tiwa ní Nàìjíríà. Èrò wa ni pé ìdiwọ̀n kì í dá dúró: ohun tí sáà kọ̀ọ̀kan fẹ́ fi ìdiwọ̀n ṣe ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa wọ̀n. A fi hàn pé nọ́ńbà tí a kò sọ bí a ṣe rí i kò ní láárí, àti pé igun nìkan kò lè sọ ohun tí ọwọ́ lè ṣe. A fi ohun tí olùkọ́ni lè rí kọ́ nínú ìtàn náà kádìí rẹ̀.

Àwọn kókó ọ̀rọ̀: ìka ọwọ́, oríkèé, ìkákò, ìdiwọ̀n, ìtàn ìṣègùn, ẹ̀kọ́ akanṣe

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. A sábà máa ń fi òwe yìí pẹ̀tù sí ọkàn ẹni tí nǹkan kò rọ̀ṣọ̀mù fún, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ìka gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ni a ti bẹ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò nígbà ìdánrawò olùkọ́ni, tí a sì ti rí ọmọ tí iná jó lọ́wọ́ nígbà tó wà ní kékeré, tí ìka rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti kákò mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń kọ̀wé, yóò lọ́ra, lẹ́tà rẹ̀ yóò sì wọ́. Olùkọ́ tí kò fura yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìjábọ̀ pé ọmọ náà ń ṣe ìmẹ́lẹ́.

Nínú àpérò bí irú èyí, ọ̀rọ̀ ìdiwọ̀n kì í wọ́n lẹ́nu wa. À ń sọ̀rọ̀ ìdánwò, à ń sọ̀rọ̀ máàkì, à ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe lè mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ó yẹ kí a wo ìdiwọ̀n mìíràn tó ní ìtàn tirẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn kọ́ pẹ̀lú àṣìṣe fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìbéèrè tí wọ́n bá pàdé kò yàtọ̀ sí tiwa: kí ni à ń wọ̀n? Ta ló ń wọ̀n ọ́n? Kí ni a fẹ́ fi èsì rẹ̀ ṣe?

2.0 Kí Ni Ìkákò Ìka?

Yàtọ̀ sí àtàǹpàkò, ìka kọ̀ọ̀kan ní oríkèé mẹ́ta. Ìkíní wà ní ìdí ìka, níbi tí ìka ti so mọ́ ọwọ́. Ìkejì wà ní àárín, ìkẹta sì wà nítòsí èékánná. Bí ara bá dá, tí a sì di ẹ̀ṣẹ́, àwọn oníṣègùn ọwọ́ sábà máa ń ka 85 dígírì fún oríkèé ìdí, 110 dígírì fún ti àárín, àti 65 dígírì fún ti òkè. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 260 dígírì. Bí a bá sì na ìka náà gbọọrọ, oríkèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò padà sí 0.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín ìka tí kò lè na ara rẹ̀ àti ìka tó ti kákò. Ìka tí iṣan rẹ̀ rọ kò lè dá nà, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá fi ọwọ́ nà án, yóò nà. Ìka tó ti kákò kò ní nà bí a tilẹ̀ fi ọwọ́ kejì ràn án lọ́wọ́, nítorí pé awọ, okùn iṣan, tàbí àpò tó yí oríkèé ká ti sún kì. Ohun tó ń fà á pọ̀: àpá iná, egbò tí wọn kò tọ́jú dáadáa, egungun tó kán tí wọ́n dì fún ìgbà pípẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀, àrùn ẹ̀tẹ̀, àti àrùn kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn àríwá Yúróòpù ṣùgbọ́n tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ènìyàn dúdú, èyí tí wọ́n fi orúkọ Dupuytren pè. Ọ̀dọ̀ àrùn ìkẹyìn yìí ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

3.0 Sáà Ìwò Ojú: 1614 sí 1831

Ní ọdún 1614, Felix Platter, oníṣègùn kan ní ìlú Basel ní Switzerland, ṣe àkọsílẹ̀ nípa ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́ òkúta kan tí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀lé e, kákò mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Platter rò pé okùn iṣan tó ń fa ìka ló yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Ó ṣì í. Ní nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1777, Henry Cline ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàyẹ̀wò ọwọ́ òkú, ó sì rí i pé okùn iṣan kò ní àbùkù kankan. Awọ líle tín-ín-rín tó tẹ́ sábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́ ló sún kì.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀ káàkiri ni Guillaume Dupuytren, àgbà oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Hôtel-Dieu ní Paris. Ní oṣù Òkudù ọdún 1831, ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin kan tó ń ta ọtí wáìnì, ẹni tí ìka rẹ̀ ti ń kákò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní gbangba. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Cline ti rí ohun kan náà ṣáájú rẹ̀.

Ohun tó gba àfiyèsí wa ni ìbéèrè tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń bi ara wọn. "Kí ló fà á?" ni wọ́n ń bèèrè, kì í ṣe "Báwo ló ṣe pọ̀ tó?" Ojú ni wọ́n fi ń wò ó, ẹnu ni wọ́n fi ń ròyìn rẹ̀. Bí ìka bá nà díẹ̀ sí i lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ẹni tó ń ta ọjà náà ló ń gbé òṣùwọ̀n dání.

4.0 Ogun Àgbáyé Kìíní àti Irinṣẹ́ Oníga Méjì

Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ló ń padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ tí ìbọn tàbí àdó olóró ti bà jẹ́. Ìjọba ní láti mọ iye owó ìrànwọ́ tí yóò máa san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ní láti mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì lè ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó mọ́.

Ní ilẹ̀ Faransé, Jules Amar, ẹni tí wọ́n bí ní Tunis ní Àríwá Áfíríkà, ń ṣe ìwádìí lórí bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun àti Jean Camus wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́ kan kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà láti wọn bí oríkèé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ṣe ń ká. Goniometer ni irinṣẹ́ náà ń jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì yóò dá a mọ̀ bó bá rí i: protractor ni, tí wọ́n so apá méjì mọ́. Apá kan dúró lórí egungun tó wà lẹ́yìn oríkèé, apá kejì dúró lórí egungun tó wà níwájú rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé sì wà ní ọ̀gangan oríkèé náà. Bí ìka bá ká, apá kan yóò yí, a ó sì ka igun náà. Ní 1917, R. Fortescue Fox fi irú àwọn irinṣẹ́ ìdiwọ̀n tí wọ́n ń lò ní ilé ìtọ́jú àwọn ọ̀gágun tó fara pa ní Lọ́ńdọ̀nù han àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìdiwọ̀n náà ṣe ọmọ ogun ní oore, nítorí pé ó ní ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n ó ní ojú kejì. Ìjọba tún ń fi í wá àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń díbọ́n kí owó ìrànwọ́ wọn má baà dínkù. Bí a ti ń wọn ìka ni a ń wọn òótọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá àìlera rẹ̀ pọ̀ tó yóò mọ bí èyí ṣe máa ń rí lára.

5.0 Kí Gbogbo Ènìyàn Lè Sọ Èdè Kan Náà: 1936 sí 1976

Irinṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan kò sí. Oníṣègùn kan lè pe ìka tó nà gbọọrọ ní 180 dígírì, kí ẹlòmíràn pe ìka kan náà ní 0. Bí lẹ́tà bá ti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn pé oríkèé àárín wà ní 60, ta ni yóò mọ̀ bóyá ó ká díẹ̀ ni tàbí ó ká púpọ̀?

Ní 1936, Edwin Cave àti Sumner Roberts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà dábàá ọ̀nà kan láti máa wọn oríkèé àti láti máa kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1965, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kékeré kan jáde tó fi ìlànà náà lélẹ̀: ibi tí oríkèé wà nígbà tó bá nà gbọọrọ ni 0, láti ibẹ̀ ni a ó ti máa ka ìkákò lọ sókè. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìlànà yìí ló jẹ́ kí oníṣègùn ní Ìbàdàn àti ti Edinburgh lè ka àkọsílẹ̀ ara wọn láìsí àṣìgbọ́.

Fún ìka ọwọ́, iṣẹ́ ṣì kù, nítorí pé ìka kan ní oríkèé mẹ́ta. Ní àwọn ọdún 1960, Raoul Tubiana ní Paris ṣètò ìpele fún àrùn Dupuytren. Ó ro dígírì tí oríkèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kùnà láti nà pọ̀. Bí àròpọ̀ náà kò bá ju 45 lọ, ìpele kìíní ni. Láti 45 dé 90, ìpele kejì. Láti 90 dé 135, ìpele kẹta. Ohun tó bá ju 135 lọ jẹ́ ìpele kẹrin.

Ní 1976, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀, èyí tó ro ìkákò pọ̀, tó sì yọ àìlènà kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ká ní ìka kan lè ká dé 85 ní oríkèé ìdí, 95 ní àárín, àti 50 ní òkè. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 230. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí ó nà, oríkèé ìdí nà dé 0, ti àárín dúró sí 40, ti òkè dúró sí 10. Àìlènà rẹ̀ jẹ́ 50. Bí a bá yọ 50 kúrò nínú 230, ó ku 180. Nínú 260 tó yẹ kí ìka náà ní, 180 ló ní, ìyẹn nǹkan bí ìdá mọ́kàndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Olùkọ́ ìṣirò tó bá ń wá àpẹẹrẹ ìgbé-ayé fún ìrópọ̀, ìyọkúrò àti ìdá ọgọ́rùn-ún ti rí ọ̀kan.

6.0 Vellore: Igun Mẹ́ta fún Oríkèé Kan

Ibi tí ìtàn yìí ti kàn wá jù ni gúúsù Íńdíà. Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní Íńdíà ní 1914, dé ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti àwọn Kristẹni ní Vellore ní 1946. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn oníṣègùn, gbàgbọ́ pé ẹran ara ẹni tó ní àrùn ẹ̀tẹ̀ ti bàjẹ́, pé ìka rẹ̀ yóò jẹ dànù dandan, àti pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Brand àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn náà ń pa iṣan ìmọ̀lára, pàápàá èyí tó gba ìgbọ̀nwọ́ kọjá. Bí iṣan yìí bá ti kú, àwọn ẹran kéékèèké inú àtẹ́lẹwọ́ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹran ńláńlá tó wà ní apá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdí ìka á tẹ̀ sẹ́yìn, orí ìka á ká wọlé, ọwọ́ á wá dà bí èékánná àwòdì. Nítorí pé kò sí ìmọ̀lára, iná àti ọgbẹ́ ló ń jẹ ìka náà, kì í ṣe pé ẹran rẹ̀ ń rà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Brand bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí okùn iṣan tó ṣì lera nípò padà láti ṣe iṣẹ́ èyí tó ti kú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ yìí kò lè ṣàǹfààní bí oríkèé bá ti gan. A ní láti kọ́kọ́ na ìka náà pẹ̀lú òróró, ìdárayá, àti P.O.P. tí wọ́n ń yí mọ́ ìka kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n sì ń tún òmíràn dì bí ìka náà ti ń nà díẹ̀díẹ̀. Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí ìka náà ti ṣe tán?

Ìdáhùn tó wọlé sínú iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ ni pé kí a wọn igun mẹ́ta ní oríkèé àárín kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́, a ó ní kí aláìsàn ká ìdí ìka rẹ̀, kí ó sì fúnra rẹ̀ na ìyókù, láìsí ìrànlọ́wọ́. Ìkejì, a ó di ìdí ìka náà mú fún un kí ó má baà tẹ̀ sẹ́yìn, a ó sì tún ní kí ó nà án. Ìkẹta, àwa fúnra wa yóò fi ọwọ́ na ìka náà dé ibi tó bá lè dé. Igun kìíní sọ bí ọwọ́ ṣe wà lónìí. Igun kejì sọ bí ọwọ́ yóò ṣe rí bí iṣẹ́ abẹ bá mú ìdí ìka dúró. Igun kẹta sọ iye tó ti gan pátápátá. Bí igun kìíní bá tóbi, tí ìkejì àti ìkẹta sì kéré, ìrètí ń bẹ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tóbi, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sídìí òróró àti P.O.P.

Lójú wa, èyí ni ibi tí ìdiwọ̀n ti yí padà. Ní Paris ní 1914, wọ́n ń wọn ohun tí ènìyàn ti sọnù. Ní Vellore, wọ́n ń wọn ohun tó ṣì ṣeé ṣe fún un. Irinṣẹ́ kan náà ni. Ìbéèrè ló yàtọ̀.

7.0 Àṣìṣe àti Ohun Tí Dígírì Kò Lè Sọ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé irinṣẹ́ ló ń wọ̀n. Ènìyàn ló ń wọ̀n. Ní 1969, Hamilton àti Lachenbruch tẹ èsì ìwádìí kan jáde nínú èyí tí olùwọ̀n méje ti fi oríṣi irinṣẹ́ mẹ́ta wọn àwọn oríkèé ìka kan náà. Irinṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fa ìyàtọ̀. Ẹnì kan tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì máa ń súnmọ́ ara rẹ̀ ju bí ẹni méjì ṣe ń súnmọ́ ara wọn lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gba àwọn ilé ìtọ́jú nímọ̀ràn pé kí ẹni tó wọn aláìsàn ní ìbẹ̀rẹ̀ náà wọ̀n ọ́n ní ìgbẹ̀yìn, àti pé kí a má ṣe yára yọ̀ tàbí bọkàn jẹ́ nítorí ìyàtọ̀ dígírì márùn-ún.

Ìdúró ọrùn ọwọ́ pàápàá lè yí èsì padà. Okùn iṣan tó ń fa ìka gba orí oríkèé púpọ̀ kọjá. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ wọlé, okùn náà á dẹ̀, ìka á nà dáadáa. Bí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn, okùn á le, ìka á ká. Ẹni tí kò bá kọ ìdúró ọrùn ọwọ́ sílẹ̀ kò tíì kọ ohunkóhun. Brand fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó ti kó lọ sí Carville ní Louisiana ní 1966, ń tẹnu mọ́ ọn pé bí a bá ń fi ọwọ́ na oríkèé tó gan, a gbọ́dọ̀ mọ iye agbára tí a fi fà á, nítorí pé ẹni tó bá fi tipátipá fà á yóò rí igun tó dára ju ti ẹni tó rọra fà á lọ.

Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ wọ̀n ọ́n tó péye, dígírì kì í ṣe ìgbé ayé. Oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ọsirélíà kan, John Hueston, dábàá ìdánwò tí kò nílò irinṣẹ́: kí ènìyàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Bí kò bá lè tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tó àkókò láti rí oníṣègùn. Láti àwọn ọdún 1990, àwọn ìwé ìbéèrè ti dé tó ń bi aláìsàn fúnra rẹ̀ léèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe: ṣé ó lè ṣí ìdérí ìgò, ṣé ó lè kọ̀wé, ṣé ó lè yí kọ́kọ́rọ́?

Àwọn baba wa náà ní ìdiwọ̀n irú èyí. Wọ́n ní adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Ẹni tó pa òwe yìí ti wo ọwọ́ dáadáa: láti fún wàrà, ìka ní láti rọ̀gbà yí ọmú màlúù ká, ọwọ́ tí ẹ̀tẹ̀ ti ká kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé orí ìka ló máa ń kọ́kọ́ ká, tí yóò sì ti ohun tó fẹ́ dì mú jáde. Àkíyèsí náà péye. Ìdájọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni kò tọ́, nítorí pé ó wo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju ìbàjẹ́ lọ. Ikoli Harcourt Whyte, ẹni tó gbé ní ibùdó àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ ní Uzuakoli, tó sì kọ ọ̀pọ̀ orin ìjọsìn ní èdè Igbo tí wọ́n ṣì ń kọ títí dòní, ti fún òwe náà lésì.

8.0 Àgbálọgbábọ̀ àti Ìdámọ̀ràn

A ti rí i pé láti 1614 títí di òní, ìbéèrè lórí ìka tó kákò ti yí padà: láti ohun tó fà á, sí iye owó tó tọ́ sí i, sí bí a ṣe lè kọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn lóye, sí ohun tó ṣì ṣeé ṣe, títí dé ohun tí ẹni tó ni ọwọ́ fẹ́ fi ṣe. Ohun mẹ́rin ni a rò pé ó kàn wá nínú rẹ̀.

(i) Olùkọ́ kì í ṣe oníṣègùn, kò sì yẹ kó máa fa ìka ọmọ. Ṣùgbọ́n ó lè ní kí ọmọ tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì, ó sì lè fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín orí ìka àti àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọ bá di ẹ̀ṣẹ́. Bí àlàfo náà bá ń yí padà láti táàmù kan sí òmíràn, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ó sì pe òbí, kí wọ́n lè tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìka tí a tètè rí rọrùn láti nà.

(ii) Kí a fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ àkíyèsí ọmọ tí à ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, kì í ṣe ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ akanṣe nìkan.

(iii) Kí a tó kọ ọ́ pé ọmọ ń ṣe ìmẹ́lẹ́, kí a bèèrè igun mẹ́ta: kí ni ó lè dá ṣe? Kí ni ó lè ṣe bí a bá dì í mú díẹ̀? Kí ni kò ṣeé ṣe fún un rárá lónìí? Ìdánwò tí à ń fún àwọn ọmọ sábà máa ń wọn ìkíní nìkan.

(iv) Kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kákò ní àfikún àkókò nínú ìdánwò, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àánú.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Oníṣègùn ní goniometer lọ́wọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ ló ń rí ọwọ́ ọmọ lójoojúmọ́. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń sọ̀rọ̀, ọmọ tí ìka rẹ̀ kò dọ́gba kò ní pàdánù ìwé rẹ̀ nítorí ohun tí òróró àti P.O.P. lè tún ṣe.